Àmín Tí A Ṣe sí Orin Rasheedah

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Òkè-Ọsàn, nítòsí Ìlọrin.

Rasheedah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlàékùmù. Mo kí ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ẹ kú àìrí ara ẹni, mo kí ẹ kú oòrùn Kàdúná àti eruku ibẹ̀. Ọlọ́run tó gbé ẹ kọjá odò lọ sí òkè Ọya ni yóò máa ṣọ́ ẹ níbẹ̀. Oúnjẹ kò ní wọ́n ẹ, àìsàn kò ní mọ ilé rẹ, ẹni tó bá ń wá ọ̀nà àtirí ẹkún rẹ yóò gbàgbé àdírẹ́sì. Sọ pé àmín. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ ọ́, tún un kà, kí o mọ ohun tí ò ń ṣe àmín sí, nítorí ọ̀rọ̀ àmín yìí gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò lónìí.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí màámà mi kò kàn pè mí lórí fóònù. Fóònù wo? Tèmi ti kú láti ìgbà tí mo ti fi pamọ́ sínú àpò èlùbọ́ kí olè má baà rí i. Ti Zuwera ni mo ń lò, Zuwera aládùúgbò wa tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti fi iná sí fóònù wọn, tí fóònù òun fúnra rẹ̀ sì fẹ̀ tó wàláà ilé kéú. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń tẹ ibì kan tí ohùn rẹ á fi jáde síta, gbogbo agbo ilé á jókòó tì wá bí ẹni pé wọ́n pè wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí mo ní sọ lónìí kì í ṣe ti gbogbo agbo ilé. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí gáréèjì Television ní Kàdúná níbẹ̀ ni màá fún ní lẹ́tà yìí, mo sì ti sọ fún un pé bó bá tú u wò, oorun ni yóò máa kùn ún láti Jẹ́bà títí dé ọ̀dọ̀ yín.

Ilé dára. Bàbá rẹ kí ẹ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ẹnu tó fi ń ráhùn ẹsẹ̀ ni kò tíì fúyẹ́. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn jọ bàbá rẹ láti iwájú orí, mi ò tíì sọ fún un. Atẹ́gùn òjò gbé páànù ilé ìdáná wa lọ, a wá a títí, a bá a lóko Alfa Àbdùlsàlámì, ó ti fi bo iṣu rẹ̀, ó ní òun rò pé Ọlọ́run ló fi ránṣẹ́ sí òun. Ilham ọmọ Alfa ti wọlé ọkọ. Èmi ni mo ṣáájú orin lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Orin tí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí fóònù Zuwera ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìwọ àti Jonah ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ta gìtá jọ ṣe lédè Òyìnbó. Mo rí ẹ nínú rẹ̀ kedere. O dúró nínú yàrá kan, wáyà ká ẹ mọ́lẹ̀ bí ìtàkùn. Mo kí ẹ, o ò dá mi lóhùn, mo tún kí ẹ, o kàn ń mi orí. Zuwera ní o ò lè gbọ́ mi, pé ó ti pẹ́ tí o ti kọ orin náà sílẹ̀, àwòrán rẹ ni mò ń wò. Mo ní àwòrán tó lè kọrin tó yẹn, ó yẹ kó lè kí ìyá rẹ̀. Ẹ̀n-ẹ́n, wọ́n tún ní iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ni Jonah fi sínú gìtá. Háà! Iná tó pa màlúù àwọn Fúlàní lábẹ́ òpó, òun ni ẹ gbé kọ́ ọrùn! Sọ fún Jonah kó máa wọ bàtà onírọ́bà, ọmọ ọlọ́mọ ni òun náà, bí òjò bá sì ti ṣú, kí ó yọ ọ́ kúrò lára.

Zuwera tún fi hàn mí pé àwọn èèyàn rẹpẹtẹ ti wò ó, mo ní níbo ni wọ́n jókòó sí, ta ló fún wọn lóúnjẹ, ó ní olúkúlùkù wà nílé rẹ̀. Èyí yẹn ò ṣe nǹkan. Èyí tó dẹ́rù bà mí ni pé ó ní wọ́n ti fi àtàǹpàkò sí i. Rasheedah, nígbà tí bàbá rẹ ta ilẹ̀ etí odò, àtàǹpàkò náà ló tẹ̀, ilẹ̀ sì lọ lójú ẹsẹ̀. Ta ni àwọn tó ń tẹ àtàǹpàkò sórí ohùn ọmọ mi? Ṣé o ti tà á ni? Bí o kò bá tà á, wá wọn lọ kí wọ́n nu tiwọn kúrò kí wọ́n tó pín in mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Wọ́n ní rọ́ọ̀kì ni irú orin náà ń jẹ́. Mo bi Zuwera kí ni rọ́ọ̀kì, ó ní òkúta ni lédè Òyìnbó, mo ní wọn ò purọ́, nítorí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà ọ̀dà ló tún ti dé. Ṣùgbọ́n ó dùn. Ohun tó bá dùn, ká sọ pé ó dùn. Ọ̀rọ̀ kan ò yé wa, síbẹ̀ ara ń yá gágá. Bàbá rẹ gbé e lọ sóko sínú orí rẹ̀, ó fi ń kọ ebè, ó ń kọ ọ́ lóhùn rara, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ tó jẹ́ èdè ẹnikẹ́ni láyé. Ó ní ọkọ́ òun kò tíì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, mo ní kí Zuwera gbé e wá sí àṣàlátù, kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ mi gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń ṣe. Ìwọ náà mọ̀ wá. Bí Alfa bá ń ṣe àdúà lédè Lárúbáwá, mélòó nínú wa ló mọ ohun tó ń sọ? Ẹnu rẹ̀ ni a máa ń wò. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè, tó rọra wálẹ̀, tó dákẹ́ díẹ̀, ibẹ̀ ni àmín ń gbé, láti kékeré ni mo ti mọ ilé rẹ̀, mi ò sì ṣì í rí. Orin tìrẹ náà, bó ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Ohùn rẹ á lọ sókè, á wálẹ̀, gìtá á dákẹ́. Kí ni kí mùsùlùmí tó ní ẹ̀kọ́ ilé ṣe? A ní àmín. O tún gbé e, o tún sọ̀ ọ́, a tún ní àmín. Àwọn míì ń fi ọwọ́ ra ojú.

Ó wá dé ibì kan tí gbogbo ìlù dákẹ́, tó ku ohùn rẹ nìkan, mo sì gbọ́ mọ́dà. Mi ò lọ iléèwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ mọ́dà. Ìyá ni mọ́dà. Gbogbo wọn yíjú sí mi, mo sì dìde, nítorí ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nínú wákà, ìwọ tí mo pọ̀n lọ sí gbogbo òde orin: ara ẹni ni a máa ń kọ, bí olórin bá sì ti kọ ara rẹ̀ dé ojú ẹ̀, á dárúkọ ìyá tó bí i, á yìn ín, ìyá á dìde, á jó. Mo ní ọmọ mi ti dé ibi tèmi. Mo jó, wọ́n fi ìborùn fẹ́ mi. Mo ní kí Zuwera dá a padà síbi mọ́dà, ó dá a padà, mo tún jó. Inú mi dùn, Rasheedah, ó dùn débi pé mi ò rántí oúnjẹ ọ̀sán.

Láti ọjọ́ náà lọ, orin rẹ di tiwa. Nígbà tí a mú Ilham dé ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀, mo ní orin wo ló tún kù tó yẹ ibẹ̀? Wọ́n ń da omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀, ìwọ ń kọrin nínú fóònù, àwa ń ṣe àmín, ìyá ọkọ ń ṣe àmín, Alfa fúnra rẹ̀ ṣe ọ̀kan. Mo ní kí Zuwera kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ pé gbogbo Òkè-Ọsàn ló ń fi orin rẹ ṣe àdúà. O ò fèsì. Èyí tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀ ni orin kejì.

Ohùn rẹ ló ṣáájú rẹ̀ nínú fóònù, o ní orin kan náà ni, o ò yí nǹkan kan padà àfi èdè, o ṣe é ní Yorùbá kí n lè gbọ́ ọ. Mo ní ọmọ dáadáa. Mi ò tiẹ̀ dúró gbọ́ ọ, àṣàlátù ni mo gbé e lọ tààrà, kí gbogbo wa jọ jẹ ẹ́ ní gbígbóná.

Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, a ti ń mi orí, nítorí a ti mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ wọlé, o ní ọ̀nà tí ò ń tọ̀ ti dí. Ohùn lọ sókè, ó wálẹ̀, gìtá dákẹ́. Ẹnu gbogbo wa ti là fún àmín, kò jáde. Ìyá Àgbà ilé kejì nìkan, tí etí rẹ̀ wúwo, ló ní àmín, ó sì fà á gùn. O ní ilé tí o kọ́ ti jóná. O ní òjò ń pa ẹ́, kò sí òrùlé. O ní gbogbo èèyàn ń pe orúkọ rẹ, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹ. Yéè! Ṣé ohun tí a ti ń ṣe àmín sí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn? Ìyá Ilham ti dìde, ó ti fi gèlè di ìbàdí, ó ń béèrè pé ilé ọmọ òun tí a fi iná kí wọlé ńkọ́. Mo ní kí ó jókòó. Mo ní kí Zuwera dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí a fi Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó gbogbo àmín náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. O ní ọ̀nà dí, a ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. O ní ilé jóná, a ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Ìyá Ilham sọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Ó wá dé ibi mọ́dà. Ẹsẹ̀ mi ti mọ ibẹ̀, ó ti ń gbéra. Ìlù dákẹ́, ó ku ohùn rẹ nìkan, o ní: Ìyá mi mọ ohùn mi, kò mọ inú mi.

Kò sẹ́ni tó wò mí, ìyẹn gan-an ló burú jù, ẹní ni gbogbo wọn ń wò. Zuwera fi ọwọ́ bo fóònù náà. Ó dùn mí, Rasheedah. Ó dùn mí gan-an ni. Ibi tí mo jó sí nìyẹn.

Mo lọ bá Alfa Àbdùlsàlámì, mo ní báwo ni èèyàn ṣe ń gba àmín padà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ohun tó wà lọ́kàn wa ni Ọlọ́run gbọ́, kì í ṣe ohun tó wà nínú fóònù, pé a gbàdúà rere fún ọmọ, rere náà ni yóò bá a. Ó ní ti Ilham, kí ọkàn mi balẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù tuntun sílé ni. Mo ní Alfa, ìlà tó bá mi wí ńkọ́, kí ni kí n dáhùn sí i? Ó wo ilẹ̀, ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́sálásí, pé ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ ni.

Zuwera pè ẹ́, o ò gbé e. Ó wá pe Jonah fún mi. Ọmọ dáadáa ni Jonah, ó kí mi dé ilẹ̀, Hausa díẹ̀, Yorùbá díẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé orin ni. Ó ní nínú rọ́ọ̀kì, ẹni tó ń kọrin lè mú ìbànújẹ́ ẹlòmíì wọ̀ bí ẹ̀wù, bó bá kọrin tán, á bọ́ ọ sílẹ̀. Mo ní èèyàn wo ni tirẹ̀ ò tó, tó tún ń lọ yá ti ẹlòmíì? Mo ní bí ẹ bá yá a, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀rọ̀ tán, mo jókòó, mo rò ó. Ọ̀nà tó dí, ó ṣeé yá. Ilé tó jóná, ó ṣeé yá. Ìyá ńkọ́? Ìyá ta ni o lọ yá? Èmi nìkan náà ni mo bí ẹ.

Bàbá rẹ gbọ́ ti Yorùbá náà. Òun tó ń fi tòyìnbó kọ ebè, ó jókòó lórí ebè, ó ṣí fìlà, ó ní ṣé Rasheedah ń jẹun dáadáa. Mo ní kò sí oúnjẹ nínú orin náà. Ó ní òun gbọ́, ṣé ó ń jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, kò kọ ọ́ lóko mọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ohùn kan náà ni, gìtá kan náà, òkúta kan náà ni ẹ̀ ń fọ́. Tòyìnbó wọ ẹsẹ̀ wa, ti Yorùbá wọ inú. Zuwera ní òun ṣì fẹ́ràn tòyìnbó jù, pé èyí tí kò yé èèyàn ló ní àyè, pé òun lè kó ọ̀rọ̀ tòun sínú rẹ̀, ó ní ọkọ òun tó lọ sí Jos tí kò padà ni òun máa ń rò pé ò ń pè. Mo ní ó dára, máa gbọ́ tìrẹ. Èmi ti gbìyànjú, mo ní kí ó tún fi tòyìnbó sí i fún mi, bóyá ẹsẹ̀ mi á tún gbéra. Ó dé mọ́dà, kò dùn mọ́ mi. Mo ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó náà kò sì lè bò ó fún mi mọ́.

Má rò pé mo ní kí o fi orin sílẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún ẹ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, òpùrọ́ ni. Ohùn náà dára, èmi ni mo sì fún ẹ. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni owó díẹ̀, kí n fi ra fóònù tèmi, kékeré, onítọ́ọ̀ṣì, èyí tí kì í tú àṣírí síta. Má fi ránṣẹ́ gba báńkì o. Mo dé báńkì kan ní Ìlọrin, ọmọdébìnrin kan ní kí n fi hàn án pé èmi ni èmi, mo ní ta ló tún fẹ́ jẹ́ èmi nínú oòrùn yìí, ó ní kí n padà wá. Fún awakọ̀ yìí kan náà, yóò gbé e dé. Bí ó bá sì kù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, fi ọṣẹ ìfọṣọ kún un fún bàbá rẹ.

Bí mo bá ti ra fóònù náà, màá pè ẹ́. Mo máa ń bi ẹ́ pé báwo ni, o máa ń ní ba komai, tí Zuwera ní ó túmọ̀ sí kò sí nǹkan kan lédè Hausa. Ó dùn ún gbọ́. Èmi náà ti kọ́ ọ, bí wọ́n bá ní Rasheedah ńkọ́, màá ní ba komai. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwọ àti Najeeb tó fẹ́ fẹ́ ẹ tú ká, mo bi ẹ́, o ní ba komai. Nígbà tí mo gbọ́ pé o ti kó kúrò ní àdúgbò Doka lọ sí Kinkinau, mo bi ẹ́, o ní ba komai. Ṣé ilé tó jóná nìyẹn? Ṣé Najeeb ni? Àbí ohun mìíràn ni tí mi ò mọ̀ rárá?

Lọ́jọ́ tí mo bá pè ẹ́, má sọ Hausa fún mi, má sì kọ ọ́ lórin. Sọ ọ́ ní Yorùbá, ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, bó ti wù kó korò tó. Mi ò ní ṣe àmín sí i, mi ò ní sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, mi ò ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu, ìwọ náà mọ̀ pé ìyẹn nira fún mi. Màá kàn gbọ́. Bí kò bá sì ṣeé sọ lórí fóònù, sọ fún mi kí n wọ mọ́tò máa bọ̀, mo ti fọ ìborùn mi, ó wà lórí okùn.

Kí Ọlọ́run la ọ̀nà náà fún ẹ. Kí ó kọ́ ilé tí iná kò mọ̀ fún ẹ, kí ó fi òrùlé bò ẹ́ kí òjò tó dé. Kí àwọn tó ń pe orúkọ rẹ máa béèrè ẹ pẹ̀lú.

Èmi ni Ìyá Rasheedah, tó mọ ohùn rẹ, tó ń béèrè ìyókù.